Nígbà Tí Òpó Wọ́n

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì 1992

Ìgbìmọ̀ Táyà tún jókòó lónìí. Èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì onítáyà ni wọ́n ń jókòó sí, lórí àwọn ògbólógbòó táyà, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà rí.

Ọkọ mi ni wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí lónìí.

Sàláúdéènì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní Òpó ti gbó, kò lè fò mọ́, kí wọ́n fà á fún ẹgbẹ́ ìlú Lánlátẹ̀ kí Lánlátẹ̀ fún wa ní Gàníyù, ọmọ gíga yẹn tó ń sáré bí ìgalà. Òpó — Zachariah ọkọ mi nìyẹn. Àwọn náà ló fún un lórúkọ yẹn, lọ́dún tó dúró sábẹ́ àwọ̀n tí àwọn Igbó-Ọrà ò rọ́nà kọjá. Èjìká ni wọ́n gbé e lé wálé lọ́jọ́ náà. Lónìí, Sàláúdéènì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ewúrẹ́. Ó tún yíjú sí mi pé, "Ìyá Àpèkẹ́, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni."

N ò bínú. Mo ń ránṣọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Orúnkún ọ̀tún. Èmi ni mo ń fi òrí ra á, mo mọ bó ṣe rí.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Máníjà wá sí Ìgbìmọ̀ Táyà. Akínladé lorúkọ rẹ̀, òun ló ń darí ẹgbẹ́ Èrúwà wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọmọrí ni wọ́n sọ. Òfin líìgì Ìbàràpá ni, àwọn èèyàn ló ń fi ọmọrí ìkòkò pè é. Owó oṣù gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú kan, tí a bá rò ó pọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá iye tí líìgì fi lélẹ̀. Kí ìlú olówó má baà kó gbogbo ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù tan ni. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ èèyàn, tàbí tó fẹ́ mú ẹni tuntun, kó ṣe é kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí tó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìkòkò wa ti kún. Owó Zachariah ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Máníjà ní ọmọ kan wà ní Ìgàngàn, Àkíbù, tí kò ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́, tó ń wá ibi tó máa lọ, àmọ́ kò sí àyè. Wọ́n bi í pé Lánlátẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n ṣì ń rò ó.

Ni ẹnì kan bá ní, "Tí Lánlátẹ̀ ò bá gbà á, ẹ kúkú ní kó máa lọ sílé. Kí Àkíbù wọlé."

Kó máa lọ sílé. Ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá wọn gbá a.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn pé rárá. Máníjà ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

N ò sọ fún un. Ó ti gbọ́. Ó jẹun, ó bá Àpèkẹ́ ṣeré, ó pa dà sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Nínú ìwàásù ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, n ò mọ ẹsẹ tí pásítọ̀ kà.

Tí Zachariah bá gbà kí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì ńkọ́? Àyè á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ Ọmọrí. Àkíbù á wọlé. Òpó á dúró. Ẹnu Ìgbìmọ̀ Táyà á pa mọ́. A ò ní kú sí ìdajì tó kù — òun ń gbẹ́gi, èmi ń ránṣọ.

Mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn. Kò sí ibi tó ti jò.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo sọ ọ́ fún wọn. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ lónìí mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tèmi ti téèpù lọ́rùn, mo sì là á yé wọn.

Sàláúdéènì ju irin tó fi ń yọ táyà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo obìnrin tó lórí." Máníjà bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìlú Èrúwà á rántí yín." Inú mi dùn bí ẹni gba ẹ̀bùn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tó bí ọdún márùn-ún, òní ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Àmínà nìkan, ìyàwó Sàláúdéènì, ló tẹ̀ lé mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Salome, ṣé o ti sọ fún ọkọ rẹ?"

Mo ní mo máa sọ ọ́ lálẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Mo ti sọ fún un. Máníjà ti ṣáájú mi sọ ọ́. Ìyẹn ló bà á jẹ́.

Ó ń fá pákó nígbà tí mo wọlé, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ lo wá dá iye lé mi lójú ọjà."

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n fẹ́ lé e ni. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé òun bí ajá?

Ó ní, "Ẹni tí wọ́n lé, ó mọ̀ pé wọ́n lé òun. Ẹni tó gé ara rẹ̀ fún wọn ńkọ́?"

Mo sunkún. Mo sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀, ǹ bá má ti sọ ọ́. Mo ní kò sí ẹlòmíràn tó máa san iye yẹn fún orúnkún bẹ́ẹ̀. Ó gbé pákó náà ti ògiri, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Ó ti tọwọ́ bọ̀wé. Máníjà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sílé. Ó ní, "Òpó kì í kúrò nílé kí ilé má wó." Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín wa, ó gbàdúrà fún Àpèkẹ́, ó lọ.

Zachariah ní, "Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀ báyìí?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo ní ó ti balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

A na Ìdèrè. Ọkọ mi ju méjì tó kẹ́yìn wọlé, bọ́ọ̀lù náà ò tilẹ̀ kan irin. Ohùn mi ti há. Wọ́n ń kọrin Òpó títí wọ́n fi dé ọjà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti àárín pápá. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì

Àmínà ní òun rí mọ́tò alága ẹgbẹ́ Lánlátẹ̀ níwájú ilé Máníjà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìpàdé líìgì ni.

Ìgbìmọ̀ Táyà ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lónìí. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Òjò wo nínú Fẹ́búárì?

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Fẹ́búárì

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọ̀sán àná ni wọ́n rán ẹnì kan sí Zachariah pé kó wá mú bàtà rẹ̀ nínú ilé ẹgbẹ́, pé Lánlátẹ̀ ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Gàníyù ń bọ̀ wá síbí. Àkíbù náà ti dé láti Ìgàngàn. Wọ́n gba méjèèjì. Òpó nìkan ló lọ.

Mo lọ bá Máníjà nílé. N ò kí i dáadáa. Mo ní ṣé ohun tí a jọ sọ nìyí? Ó ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Ló bá là á yé mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn. Ó ti pẹ́ tí Lánlátẹ̀ ti ń fẹ́ Òpó, wọ́n ń wá àgbà tó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró. Wọn ò rí ọ̀nà ni. Ìkòkò tiwọn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, owó Òpó ò lè wọ̀ ọ́ kí ọmọrí dé. Ìgbà tí owó náà di ìdajì ni ó wọ̀ ọ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ṣínà fún wa. A ò mọ bí a ṣe máa yọ ọ́."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn kó jẹ́ yẹ̀yẹ́. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní ó ṣèlérí. Ó ní ìlérí wà, ìlú náà sì wà. Ó ní Lánlátẹ̀ ò jìnnà, pé ọkọ mi á máa sùn nílé rẹ̀.

Mo pa dà sílé. Zachariah ń fi kànìnkànìn fọ bàtà rẹ̀. Mo rò pé á pariwo mọ́ mi. Mo fẹ́ kó pariwo.

Ó ní, "Nígbà tí mo wọ́n, Salome, kò sẹ́ni tó lè rà mí."

Ó tún gbé kànìnkànìn, ó ń fọ bàtà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Máníjà fi jẹ́sì ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà méje, ti ọkọ mi. Ó ní Gàníyù ga jù ú lọ, kí n fi aṣọ lé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo jókòó tì í títí oúnjẹ fi jóná lórí iná. Mo rò ó pé kí n dáná sun ún. Mo rò ó pé kí n dá a pa dà. Lẹ́yìn náà mo ran án. Mo sì ran án dáadáa, ìyẹn ni kò yé mi. Ìlà rẹ̀ gún régé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wá mú un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun mà. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá." Kò lè wò mí lójú. Ọmọ dáadáa ni. N ò rí ẹni tí n bá bínú sí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Àwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Táyà kì í jókòó pẹ́ mọ́, ọ̀fun gbogbo wọn ti gbẹ. Gàníyù ṣá ni wọ́n ń sọ. Sàláúdéènì bi mí pé kí ni mo rí sí i, ṣé kí Gàníyù dúró lápá ọ̀tún àbí òsì. Kò sí ibi kankan nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí láti máa bi mí.

Mo ti fèrèsé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Èrúwà ń lọ bá Lánlátẹ̀ gbá a. Mo bi Zachariah pé aago mélòó ni ká jáde nílé. Ó ní, "Kí o má wá." Kò sí ìdíje tó gbá tí n ò sí níbẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ́ mi. Nígbà oyún Àpèkẹ́ pàápàá, orí àpótí ni mo jókòó sí.

Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì

N ò lọ. Mo gbọ́ nígbà tí lọ́rì àwọn ará Èrúwà ń kọjá lọ, wọ́n ń pè mí pé kí n gòkè. Mo dọ́gbọ́n bí ẹni tí kò sí nílé.

Àmínà ló ròyìn fún mi. Ó ní nígbà tí Zachariah jáde nínú aṣọ Lánlátẹ̀, àwọn tiwa pariwo "Aláìmoore" lé e lórí. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní aláìmoore. Ọkọ tirẹ̀, Sàláúdéènì, wà nínú wọn, pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu. Àmínà ní Zachariah ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kò sáré púpọ̀. Ó kàn ń nawọ́, ó ń sọ fún àwọn ọmọ Lánlátẹ̀ ibi tí Èrúwà máa gbà kí wọ́n tó gbà á. Òun ló kúkú kọ́ àwọn ọmọ Èrúwà. Gàníyù ò rọ́nà. Àkíbù ò rọ́nà. Lánlátẹ̀ nà wá, nígbà tó sì parí, Máníjà ti wọ mọ́tò.

Inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́. Ẹgbẹ́ mi ni Èrúwà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lánàá kí Zachariah tó dé. Àwọn ará Lánlátẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá, wọ́n já iṣu kalẹ̀ fún un. Ó ń tiro, àmọ́ ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé Àpèkẹ́ lé itan òsì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bọ́ọ̀lù ṣe lọ, bí ó ṣe bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi tó mọ bọ́ọ̀lù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo bi í bóyá Lánlátẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n bi òun ní iye tí òun fẹ́.

Mo ní kí ló sọ fún wọn.

Ó ní, "Mo ní iye tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n san. Kí ẹnikẹ́ni ṣá má bi ìyàwó mi."

Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Mo gbé omi gbígbóná àti òrí wá fún orúnkún. Ó gba òrí náà lọ́wọ́ mi kí n tó kúnlẹ̀, ó ní òun á ra á fúnra òun.

"Ẹ ṣeun," ó ní.

Mo rò pé ẹlòmíràn ló wọlé, mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.