Bébà Tí Wọ́n Fi Di Ẹ̀pà

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Monílọ́lá,

Ẹ kú òtútù Kánádà o, ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Màmá wà ní Oǹdó. Orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ara àwọn ọmọ tèmi le, àfi pé ẹ̀pà ti sú wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti béèrè iṣẹ́ mi lórí fóònù, mo máa ń ní ó ń lọ. Irọ́ ni. Iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwọn ìwé ìtàn aláwòrán wa ti kógbá wọlé lọ́dún tó kọjá. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mò ń kọ sára ògiri báyìí. Àkàbà ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Wọ́n ta ìwé tó kù ní kílò kílò fún àwọn tó ń fi bébà di ọjà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá kan ní Ọjà Ọba, ìwé tí mo kọ́kọ́ yàwòrán sí ni ìyá náà fà ya tó fi dì í. Èmi tí mo yà á ò ní ẹyọ kan nílé! Mo ní kí wọ́n ta bébà yòókù fún mi.

“Ọmọ mi, ẹ̀pà ni mò ń tà. Kí ni màá wá fi di tèmi?”

Mo wá ń ra ẹ̀pà lójoojúmọ́ kí n lè kó àwọn ojú ìwé náà jọ. Ojú ìwé kan péré ló kù: ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti padà délé. Ojú yín ni mo fi yà á, mi ò kàn sọ fún yín rí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú àpótí yín, bóyá ẹ̀dà ìwé náà tí mo fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń lọ ṣì wà.

Kí Olúwa mú ẹ̀yin náà délé.

Àbúrò yín,
Oríọlá