Pákó Bàbá Wà Nínú Gíláàsì

Blaž, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ tí mi ò tíì fojú kàn. Ṣé ara le ní Ajẹntínà? Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń rìn. Òtútù ba òdòdó ápù wa jẹ́. Oyin ló ń bọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn olóyin ní ìlú Radovljica. Pákó iwájú ilé oyin Bàbá wà níbẹ̀ nínú gíláàsì, èyí tí wọ́n ya Sátánì sí tó ń pọ́n ahọ́n obìnrin, tí Bàbá máa ń sọ pé èmi ni obìnrin náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo kan gíláàsì náà, tí mo gbé etí lé e bí a ṣe máa ń gbọ́ ohùn oyin nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màmá, kò sí oyin níbẹ̀ mọ́ o!"

Mo ní, "Mo mọ̀. Ṣé mo jọ wèrè lójú ẹ ni?"

Blaž, nígbà tí Bàbá kú, èmi ni mo kan ilé oyin kọ̀ọ̀kan, tí mo sọ fún àwọn oyin inú rẹ̀ pé ẹni tó ni wọ́n ti lọ, kí wọ́n má baà ṣí kúrò. Èmi nìkan ló kù níbí báyìí. Tí èmi náà bá lọ, ta ni yóò sọ fún wọn?

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín. Bí o ò bá lè wá, rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, kí n kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń kan ilé oyin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Neža