Ọ̀gbẹ́ni Pyo Ní Ojú Mi Ò Ríran

Inho ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Seoul? Ṣé o ń jẹun, àbí atẹ́gùn inú gbọ̀ngàn eré lò ń jẹ? Ara wa le níhìn-ín, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, aáyù ti gbẹ, a ti so ó kọ́ sábẹ́ àjà. Ọlọ́run má jẹ́ kí ìjì bẹ̀ wá wò lọ́dún yìí.

O sọ fún wa lórí fóònù pé eré tí o kọ, ọ̀rọ̀ ológun lásán ni, ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé àga ò tó. O ṣeun o. Àfi bí Ìyá Deokjin, ìyàwó olórí abúlé, ṣe gbé ìwé ìròyìn wá sí ilé ìgbafẹ́ àwọn àgbà, tó kà á ketekete létí gbogbo ayé pé ìtàn ara rẹ ni, ìtàn ọmọ ogun tuntun tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo gbọ́. Mo ní etí mi ò di, kó máa kà á lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo ló kọ ìròyìn náà, alárìíwísí ni, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn máa wá àléébù eré oníléré. Ó ní o gbóyà, àmọ́ ìyá inú eré náà ò mọ nǹkan kan: nígbà tí àwọn ológun fi páálí aṣọ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ ogun tuntun, ẹkún ló kàn ń sun, pé bẹ́ẹ̀ làwọn obìnrin oko rí, ojú wọn ò ríran kọjá ata tí wọ́n sá sóòrùn. Ó tún ní lẹ́tà tí ọmọ ogun náà ò ráyè fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ṣàdédé dé ọwọ́ onítọ̀hún, ìyẹn sì wá kí i ní bárékè. Ó ní ta ló fi í ránṣẹ́, pé o ò mọ ìtàn hun. Háà, ọ̀mọ̀ràn! Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i.

Mo gba fóònù Ìyá Deokjin láti fún Ọ̀gbẹ́ni Pyo lésì lórí ìkànnì ìwé ìròyìn náà. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni mí, kí n tọ́ka àwòrán tó ní iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo kọ ọ́ sí i pé kò sírú iná bẹ́ẹ̀ lábúlé wa, ṣùgbọ́n ènìyàn ni mí, kó bi ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbà.

Ìwọ ni n óò sọ ọ́ fún nígbà náà. Lóòótọ́, mo sunkún lórí páálí rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sunkún tán, mo fọ aṣọ, ìyá wo ló sì ń fọ ṣòkòtò láì yẹ àpò rẹ̀ wò? Mo bá lẹ́tà níbẹ̀, o ti lẹ̀ ẹ́ pa, o kọ orúkọ Jaewon àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, o ya ọkàn pupa sẹ́yìn rẹ̀. Ojú tí ò ríran rí i. Mi ò tú u. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn ológun má lọ gbọ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì, kí akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ tiwa má baà rí mi, mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́, Inho.

Àná ni mo tó sọ fún bàbá rẹ. Ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó wá bi mí pé ṣé Jaewon yẹn mọ aáyù gbìn.

Torí náà, fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́ sí wa, ká wá jókòó níwájú pátápátá, kí n wo obìnrin tó ń ṣe bí èmi. Tó bá sì di ọdún ìkórè, ẹ wálé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ.