Ẹni Tí Mo Ní Ó Lọ sí Mẹ́kà

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹfà, 2025
Aisha ló ń bá mi kọ ọ́. Ó gba yàrá lọ́dọ̀ mi, yunifásítì Àkùngbá ló ń lọ. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ sí i.

Ilé ìwé Nafisah ránṣẹ́ pè mí lónìí. Nafisah, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Ó gé ọmọ kan jẹ lápá, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Peace. Mo mú pàṣán dání láti ilé. Mo rò pé nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè mí.

Wọn ò mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Obìnrin kan wà níbẹ̀, gíláàsì rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Lucy lorúkọ rẹ̀, ará Ṣúpárè. Èmi ti sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni kó máa gbọ́ tẹnu àwọn ọmọdé, kó sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mo bi í bóyá wọ́n ń sanwó fún un. Ó ní wọ́n ń san án, kò kàn tó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ kí n jókòó.

Ó gba pàṣán lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì dá a padà. Ó fún Nafisah ní ìwé tí yóò máa yàwòrán sí. Ó fún èmi náà ní ọ̀kan, ó ní ohun tí n kò bá lè sọ lójú ọmọ, kí n wá ẹni bá mi kọ ọ́. Òun ni Aisha ń kọ sínú rẹ̀ yìí.

Ohun tó fa ìjà: Peace ní ìyá Nafisah ò sí ní Mẹ́kà. Mo ní kí wọ́n na Peace.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24
Kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Habeebat, ọmọ mi, ìyá Nafisah, kú ní Ọ̀kà ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Inú rírun, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ilé ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Jimoh, ọkọ rẹ̀, gbé ọmọ wá bá mi ní Ìkàrẹ́ níbí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá. Ọmọ ní ìyá òun dà. A kì í túfọ̀ òkú fún ọmọdé. Mo ní ó lọ sí Mẹ́kà. Ẹnu mi yìí ló ti jáde. Ibi tó dáa jù tí mo mọ̀ ni mo rán an lọ.

Ọjọ́rú, 25
Nafisah ò jẹ ẹ̀bà. Ó jẹ àgbàdo sísè méjì.

Ọjọ́bọ̀, 26
Onígíláàsì wá sílé. Èmi ò pè é. Ó fa àpótí, ó bá mi bó ẹ̀gúsí — kò mọ̀ ọ́n bó, ó ń fọ́ ọ.

Ó ní bí wọ́n bá ti jáde ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni Nafisah máa ń dúró sí, tí yóò máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Àlájà òpópónà kejì ti Mẹ́kà dé. A lọ kí i. Ó bu omi sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, fún wa, ó fún wa ní èso dàbínù tó mú bọ̀. Àárín èrò ni Nafisah ti bi í bóyá Àlájà àti ìyá òun jọ wọ ọkọ̀ òfúrufú bọ̀. Àlájà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ yìí ò dáhùn mọ́ ní kíláàsì.

N kò sọ èyí fún Onígíláàsì rí. Ọmọ ló yà á fún un. Ọkọ̀ òfúrufú, orí èèyàn nínú gbogbo fèrèsé, àfi ẹyọ kan.

Ó wá sọ pé, "Màmá, Nafisah ò rò pé ìyá òun kú. Ó rò pé ó ti dé láti Mẹ́kà, kò sì wá òun wá."

Mo ṣa èyí tó fọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí.

Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni. Ó ní rárá. Ẹnu tó sọ ti Mẹ́kà ni kó sọ òtítọ́; òun á jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29
Mo ń dirun fún un. Mo ní bí mo bá di ẹsẹ̀ kẹta tán, màá sọ ọ́. Ẹnu ò ṣí. Ìka mi le jù, ọmọ ké. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tú u, mo tún un dì.

Lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo ti rí dàbínù Àlájà. Mẹ́ta. Ó ń tọ́jú wọn de ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje
Mo ti sọ ọ́. Yàrá Onígíláàsì ni. Mo ní, "Nafisah, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ìyá rẹ ò lọ sí Mẹ́kà. Ó ti kú, ní Ọ̀kà."

Onígíláàsì jókòó tì mí bó ṣe ṣèlérí. Iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Ọmọ ní, "Ṣé kò tíì dé, àbí kò lọ rárá?"

Mo ní kò lọ rárá.

"Kì í ṣe pé ó gbàgbé mi?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sunkún títí aṣọ mi fi tutù láyà. Ohun tí èmi náà ṣe, kò kan ìwé yìí.

Ó ní níbo ni wọ́n sin ín sí. Mo ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà ni, n kò mọ apá ibo. Ó ní mo tún ń purọ́. Rárá o. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin Habeebat, inú ilé níbí ni wọ́n dì mí mú sí. Títí di òní, èmi ò mọ̀ bóyá iwájú ilé ni tàbí ẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 3
Ó bẹ Peace. Ó fún un ní dàbínù kan. Ẹ̀bà náà, ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5
A lọ sí Ọ̀kà. Jimoh ti fọwọ́ sí i lórí fóònù. Ilé ìwé ò sí lónìí, síbẹ̀ Onígíláàsì bá wa lọ. Mo jókòó sórí òkúta ní oríta, n kò kọjá ibẹ̀. Òun ló fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé.

Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbá ìwé àwòrán mọ́ àyà. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má wò ó. Màá sọ ọ́ fún yín." Mo wo Onígíláàsì, ó ń nu gíláàsì rẹ̀. Mo rò ó. Ojú ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí i. Wọn ò mẹ́nu ba etí.

Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní ẹ̀yìn ilé ni. Igi ìbẹ́pẹ méjì wà níbẹ̀, èyí tó kéré ti so. Koríko ti hù, òun tu díẹ̀. Òun sin dàbínù kan síbẹ̀, nítorí ìyá òun kò dé Mẹ́kà. Ìkejì, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

Mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀.

Láti bí oṣù mẹ́ta, ojúde ni mo ń rò pé ó wà, níbi tí àlejò àti ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ̀yìn ilé ni. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́.