Fọláwùmí, A Ti Mọ Orúkọ Ìrora Náà

Fọláwùmí, ọdún mẹ́fà rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹbí ní kí n kọ ọ́ sínú ìkéde ìrántí ikú rẹ pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Ó rẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ Kíkẹ́lọmọ ọmọ wa ni. O mọ bó ṣe máa ń ká jọ sórí ẹní bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé. Ìwọ a rọ omi gbígbóná sínú ìgò, wàá fi tẹ̀ ẹ́ níkùn. Èmi a wà ní pálọ̀, màá ní, "Ṣé òun nìkan ni obìnrin ní Àkúrẹ́ ni?" Mo sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn tí o lọ, ó ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjàrẹ́. Kò sí oṣù tí kì í pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ sì kọ̀wé sí i pé ọ̀lẹ ni. Ilé ìwòsàn mẹ́rin la lọ. Ọ̀kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Òmíràn ní kó lọ́kọ, pé bó bá ti bímọ, á lọ. Ó fẹ́ Ọlálékan, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìrora kò lọ, oyún kò sì dé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọlálékan gbé e lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ Dókítà Bọ́láwálé, onímọ̀ nípa àìsàn obìnrin. Mo bá wọn lọ. Dókítà náà kò kánjú. Ó bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó bi í bóyá ó ń dùn ún bó bá fẹ́ yàgbẹ́, bóyá ó ń dùn ún bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jọ sùn. Kíkẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí rí, sà."

Wọ́n lu ihò kékeré sí ìdodo rẹ̀, wọ́n ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ inú rẹ̀. Ẹndometríósìsì ni wọ́n pè é. Dókítà ṣàlàyé fún mi: "Bàbá, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ilé ọmọ nínú. Irú rẹ̀ ló ń hù síta ilé ọmọ. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ríbi gbà jáde. Ó ti lẹ ìfun rẹ̀ mọ́ra." Wọ́n gé èyí tí wọ́n lè gé, wọ́n fún un ní oògùn. Dókítà ní àìsàn náà lè padà wá. Ó ní oyún lè dé, ó sì lè má dé.

Ó wá bi mí pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń ní irú ìrora yìí?"

Fọláwùmí, mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí ọ nínú ilé wa ní Ìjù, tí o di òpó ilé ìdáná mú, tí ò ń mí bí ẹni tó gun òkè. Mo rántí ọdún mọ́kànlá tí a fi dúró ká tó bí Kíkẹ́, òun nìkan náà la sì bí. Mo rántí ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sọ sí ọ lójú mi, tí mi ò dá wọn lóhùn. Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹni tí òun kò yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n pé àìsàn náà a máa rìn nínú ẹbí. Mo jáde lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Mo bẹ Kíkẹ́. Ó ní, "Dádì, ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú."

Oṣù méje rèé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrora ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kì í gbé e ṣubú mọ́. Oyún kò tíì dé. Nígbà tí ìyá Ọlálékan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ fún àwọn ènìyàn mi nítorí rẹ nìyẹn.

Mo ti lọ sọ ọ́ fún wọn báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Àárò rẹ ń sọ wá, Fọláwùmí. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o ní ó ń dùn ọ́, òótọ́ lo sọ.