Èéyi Ò Mọ̀ Pé O Ń Bọ̀ Wálé

Ìjàyè.

Sàníù ọmọ mi,

O kú àjò o. Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jíddà. Bàbá rẹ àti ìyàwó rẹ ń kí ọ. Kifayah ọmọ rẹ kò gbẹ́yìn, gbogbo fóònù tó bá rí ló ń pè ní bàbá òun.

Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo ti lo oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó kẹ̀ ti ń jinná látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti fún wọn ní kápúsù.

Èéyi ti ń mú àwọn ọmọ àdúgbò wa. O ní kí ìyàwó rẹ dúró dè ọ́ kó tó gba abẹ́rẹ́ fún Kifayah, pé bí èéyi bá mú un, kápúsù wà nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ibà ń jẹ lára èèyàn bí afòmọ́ ṣe ń jẹ lára igi obì. Bakitéríà ojú ọgbẹ́ ń dá bí sí i fúnra rẹ̀, òun ni kápúsù ń pa. Fáírọ́ọ̀sì ni ti èéyi: kò lè bí sí i àfi tó bá wọ inú ara ọmọ. Kápúsù ò ràn án, abẹ́rẹ́ là ń fi ṣáájú rẹ̀.

Má bá ìyàwó rẹ wí. Èmi ni mo gbé Kifayah lọ gba abẹ́rẹ́ lánàá. Ọlọ́hun á mú ọ bọ̀ wá bá wa láyọ̀. Bá mi mú ṣálúbàtà bọ̀.

Bí inú bá ń bí ọ, rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé ìwọ náà lọ, nígbà tí bàbá rẹ wà lóko. Wọn ò mọ̀ títí dòní. Má sọ fún wọn o.

Ìyá rẹ,
Mùjíbátù