Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kùn

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Olójú-Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá ìyẹn tó kó bọ́tìnì mi sẹ́nu nígbà tí ẹ wá sọ́dọ̀ wa? Mo kí gbogbo yín. Mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ náà, èyí tó máa ń já òwú bí ẹni tó ń bínú. Àwa náà wà, ara sì le, ọpẹ́ ni. Ilé ṣì dákẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti fi wá sílẹ̀, àmọ́ a ń jẹun, a sì tún ti ń rẹ́rìn-ín.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ìròyìn kan wà níkùn mi báyìí tó jẹ́ pé tí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, inú mi á bẹ́. Ó kan ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Alága. Ìwọ náà rí i nígbà tí a ń sìnkú ọkọ mi, òun ló ń darí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò pè. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Alága, òun sì rò pé oyè ni. Má retí pé kí n pè é ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí o. Lójú rẹ̀, mò ń pè é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀wọ̀ tó kù fún un lọ́kàn mi kò tó èyí tí èèyàn ń dì sí bébà.

O rántí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Òun ni mo fi ń kó aṣọ ilé-ìwé tí mo bá rán lọ fún àwọn tó ni ín, òun náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ. Bí kò bá sí i, àfi kí n di ẹrù lé orí kí n máa rìn nínú oòrùn, gbogbo oníbàárà mi tó wà lọ́nà jíjìn á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú nìkan ni ọ̀dà dídán tí wọ́n fi bo àwọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé ni Alága ti sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn di àga. Bó bá dé, kì í wọlé. Á gbé ìdí lé igun iwájú, ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá á wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, á wá máa la gbogbo àdúgbò lọ́yẹ. Ilẹ̀kùn wo ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí, n kò mọ̀, torí yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé. Ọkọ mi, oníwà pẹ̀lẹ́, á kàn máa wò ó níran, á ní ẹ̀gbọ́n òun ni, kí ni kí òun ti wí.

Ní oṣù tó kọjá, ó tún wá jókòó síbẹ̀. Ó fi èékánná ha ibi tó ń bó, ó ya ọ̀kan kúrò, ó gbé e sókè sí oòrùn bí ẹni tó mú olè. "Ẹ wo bí ìyàwó wa ṣe sọ ọkọ̀ àbúrò mi dà o! Obìnrin ò mọ ọkọ̀ tọ́jú." Bó ṣe délé, ó sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ọkọ̀ náà kó tó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá dá a lóhùn pé àwọn á wá fi ojú ara àwọn wò ó lọ́jọ́ Sátidé, bó bá rí bó ṣe wí, kó máa wà á lọ. O mọ̀ pé bí Màmá bá ti sọ̀rọ̀ nínú ẹbí yẹn, ó parí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo lọ bá pẹ́ńtà tó ń kun ọkọ̀ ní ìkángun òpópónà wa. Ó yí ọkọ̀ po, ó ń mi orí bíi dókítà, ó ní òun ò lè kun bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, gbogbo ara ọkọ̀ lòun máa ha kí òun tó kùn ún, òun ò sì ní ráyè títí oṣù á fi parí. Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé inú agolo, irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ lórí tó ń fín bí oògùn ẹ̀fọn. Mo ra ti ìpìlẹ̀ àti èyí dídán tí wọ́n fi ń kádìí rẹ̀, mo ra sáńpépà líle àti èyí tó kúnná. Ṣé ẹni tó lè tú kóòtù palẹ̀, kó tún un rán tí ẹni tó ni ín ò ní mọ̀, ni kò ní lè tún ojú irin ṣe?

Iṣẹ́ náà jọ tiwa ju bí o ṣe rò lọ. Mo fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà ha á títí gbogbo ohun tó fẹ́ bó fi bó tán. Etí ibi tó bó, ibẹ̀ gan-an ni ìyà wà. Bí o bá fi ọ̀dà tuntun bò ó bẹ́ẹ̀, etí yẹn á yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ojú ìrán tí a kò lọ̀. Mo di ojú, mò ń fi ìka wá a, mò ń ha á, títí ìka mi ò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìwé ìròyìn àti tépù bo gíláàsì àti iná iwájú, mo sì fi aṣọ bo imú.

Gbogbo àsìkò yìí ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ń kóra jọ wá wòran. Olórí wọn ni aládùúgbò mi tó ń tún rédíò ṣe, tí rédíò tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kàn da òróró ìdáná sí i, kí n fi àkísà nù ún, á dán. Mo bi í bóyá ohun tó fi ń pa orí rẹ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ràn pọ̀ lẹ́nu wọn bí omi, àmọ́ kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní kí òun bá mi di agolo mú.

N kò ní purọ́ fún ọ, ìgbà àkọ́kọ́ kò dáa. Mo gbé agolo sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Mo bú ara mi dáadáa, mo dúró kó gbẹ, mo ha gbogbo rẹ̀ dànù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo jìnnà sí i, mò ń fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mò ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Àtúnṣe yẹn ló fi iṣẹ́ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé àárọ̀ Sátidé gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ọ̀dà dídán tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo yọ tépù, ọ̀rẹ́ mi, mo rí ojú ara mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún díẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wà á wálé.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi dé. Màmá ń fi ọ̀pá rọra bọ̀, Alága ti ṣáájú, ó wọ funfun láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba àmì ẹ̀yẹ. Ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń dán gbinrin, ló bá kọrí síbẹ̀ tààrà. Mo kí wọn tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fara kàn án o, kò tíì gbẹ." Ṣé ẹni tó ní làákàyè kò ní dúró? Àmọ́ ọkùnrin yẹn ò lè gbọ́ "ẹ má ṣe" lẹ́nu obìnrin kí ara má yún un. "Ṣé ìwọ lo máa sọ ibi tí màá jókòó sí lórí ọkọ̀ àbúrò mi?" Ló bá gbé ìdí lé igun rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kí Màmá gbọ́ ẹjọ́.

Ó rojọ́ dáadáa. Ó ní ọ̀dà lásán ni mo fi ń tan wọ́n jẹ, ó ní n kò mọ nǹkan tọ́jú, ó ní ohun ìdílé, ọwọ́ ọkùnrin ló yẹ kó wà. Ní tèmi, ìdí rẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tó fẹ́ dìde wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, kò rọrùn. Ó tún gbìyànjú. Ohùn kan jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ń ya tépù kúrò lára páálí, Alága dìde, ọ̀dà mi sì bá a dìde lẹ́yìn ṣòkòtò funfun. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Onírédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo àpá ìdí méjèèjì tó hàn ketekete, wọ́n sì wo ibi tí ìdì kọ́kọ́rọ́ ti ha á wọnú. Wọ́n ní kí Alága yí ẹ̀yìn padà. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n funfun yí ẹ̀yìn padà bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n wo àpò rẹ̀, wọ́n bi mí pé níbo ni ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ bó. Mo nawọ́ sí ibẹ̀ náà.

"Ìyẹn ni pé ìdí rẹ ló ń ba ọkọ̀ ọmọ mi jẹ́ látọjọ́ yìí, tí o wá ń fẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn mí?"

Alága ní oòrùn ni. Màmá ní, "Oòrùn ò ní kọ́kọ́rọ́ lápò."

Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti di tèmi, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn mọ́, wọ́n sì ní kí n gbé àwọn lọ sílé nínú rẹ̀. Alága bẹ̀ pé kí a gbé òun dání. Màmá ní kó máa fẹsẹ̀ rìn, atẹ́gùn á bá a gbẹ ọ̀dà.

Bá mi kí baálé rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bá mi kí ọ̀gá wa àtijọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́ ìránṣọ bí o bá ya ọ̀dọ̀ wọn. Sọ fún wọn pé ọwọ́ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ti ń kun ọkọ̀ báyìí. Agolo tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Onírédíò ní kí n má pa àpá náà rẹ́, kí n máa wà á kiri kí gbogbo ayé lè rí i. Mo rò ó wò, ó sì kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo gbé sáńpépà, mo ha á dànù. Ọkọ mi ru ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ò rù ú.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Alágídí rẹ.